Kámẹ́rà wo lẹ fẹ́ẹ́ rà? Ẹ gbọ́ ohun tójú bàbá yìí rí lórí kásẹ́ẹ̀tì ìyá ẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó, sọ ohun tó dùn ún jù láyé, kò ní í sọ̀rọ̀ owó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í dárúkọ ọ̀tá kankan. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan ni yóò gbé jáde, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju kásẹ́ẹ̀tì orin lọ. Ohùn ìyá tó bí i lọ́mọ ló wà nínú ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ mú irú kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún láàyò.

Lọ́dún 1996 lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Màmá fẹ́ẹ́ ṣe ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún l'Ábẹ́òkúta, àwọn ọmọ sì sọ pé àfi káwọn ká ọjọ́ náà sínú fídíò, nítorí kò sẹ́ni tó mọ oríkì ìdílé wọn tó Màmá mọ́ láyé. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin wà ní London, ẹ̀gbọ́n obìnrin wà ní Houston, l'Amẹ́ríkà, àbígbẹ̀yìn ló wà nítòsí Màmá. Àwọn méjèèjì tó wà lókè òkun ló láwọn lè ra kámẹ́rà, ni wọ́n bá ní kí àbúrò àwọn mú èyí tó bá wù ú.

VHS-C ni ti London. Kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n téèpù inú ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti VHS ńlá tí gbogbo ilé fi ń wo fíìmù nígbà náà. Wọ́n máa ń ti kékeré yẹn bọ inú àpótí kan tó rí bíi kásẹ́ẹ̀tì ńlá, wọ́n á wá tì í sínú ẹ̀rọ fídíò ilé, ó parí. Àléébù ẹ̀ ni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni kásẹ́ẹ̀tì kan ń gbà téèyàn bá fẹ́ àwòrán tó dáa. Video8 ni ti Amẹ́ríkà. Àwòrán méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n Video8 ń gbà tó wákàtí méjì. Kìkì pé kò lè wọ inú ẹ̀rọ fídíò ilé, àfi kí wọ́n fi wáyà so kámẹ́rà gan-an mọ́ tẹlifíṣàn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló máa máa pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà tí Màmá bá ń kì wá lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kí Àǹtí fi tiwọn ránṣẹ́ o." Bó ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyẹn.

Ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lóòótọ́. Nígbà tọ́jọ́ pé, Màmá jókòó sórí àga, ó kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí àkọ́bí dórí àbígbẹ̀yìn. Omi ń bọ́ lójú àwọn àlejò. Ẹni tó fojú sínú kámẹ́rà sì rí i pé gbogbo ẹ̀ ń lọ geere.

Àṣé wàhálà ń bẹ níwájú. Nígbà tí wọ́n so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣàn lálẹ́, ohùn Màmá ń jáde ketekete, ṣùgbọ́n àwòrán ò láwọ̀, ńṣe ló ń yí lọ sókè láìdúró. Màmá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé èmi ló ń yí gbirigbiri báyìí?"

Ọ̀gá tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ládùúgbò ló là á yé wọn. Ó ní PAL la ń lò ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bíi tàwọn ará ìlú ọba: ìlà 625 ló ń di àwòrán kan, àwòrán 25 ló sì ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. NTSC ni ti Amẹ́ríkà, ìlà 525 ni tiwọn, àwòrán bíi 30. Tẹlifíṣàn tí kò bá mọ̀ ju PAL lọ kò lè ka NTSC bó ṣe yẹ.

"Ẹ gbé e wá, ká lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè méjèèjì, ká tètè dà á sórí VHS," lọ̀gá náà wí.

"Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá."

Kò lọ. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ gorí iṣẹ́. Lọ́dún 1998, kámẹ́rà náà kú pátápátá. Gbogbo ìgbà tó bá dé Abẹ́òkúta ni Màmá máa ń bi í pé, "Ọkọ mi, ìgbà wo lo máa fi fídíò mi hàn mí?" Òun náà á ní, "Láìpẹ́, Màmá." Lọ́dún 2003 ni Màmá kú. Wọn ò rí fídíò ọ̀hún wò dọjọ́ ikú wọn.

Lọ́dún 2009 ni ẹ̀gbọ́n obìnrin wálé, ló bá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà padà lọ s'Ámẹ́ríkà. Wọ́n rí kámẹ́rà Digital8, èyí tí Sony gbé jáde lọ́dún 1999. Òmíràn nínú wọn lè ka kásẹ́ẹ̀tì Video8 àtijọ́. Wọ́n fi da fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlá nínú dúrọ́ọ̀ l'Ékòó, nínú ooru àti ọ̀rinrin, kì í ṣe eré. Èbu ti mú téèpù. Oríkì àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì jáde pérépéré. Nígbà tó kan àbígbẹ̀yìn, àwòrán dàrú, ohùn náà sì lọ.

Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Lórí Video8, ojú ipa kan náà ni ohùn àti àwòrán jọ wà, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, wọ́n jọ ń lọ ni. Ṣùgbọ́n VHS ní ipa ohùn kan tó dá wà létí téèpù. Ká ní VHS-C ló gbà ni, bóyá ì bá ṣì gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀. Àbí ká ní ó gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì síwájú tẹlifíṣàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ohùn ṣì ń jáde!

Kẹ́nikẹ́ni má tìtorí èyí rò pé VHS ni kì í kú o. Ní oṣù kẹta, ọdún 2016, Sony ò ta kásẹ́ẹ̀tì Betamax mọ́, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ fídíò VHS. Gbogbo wọn ló lọ́jọ́.

Láìpẹ́ yìí, bàbá náà pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ọmọbìnrin ẹ̀ sì gbé iPhone síta láti ká a. Bàbá gba fóònù, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń yan irú fáìlì kámẹ́rà. Ó bá méjì níbẹ̀: "High Efficiency," ìyẹn HEVC tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2017, àti "Most Compatible," ìyẹn H.264. Fídíò 1080p oníṣẹ́jú kan ń gba bíi MB 60 lórí ti àkọ́kọ́, ó ń gba bíi MB 130 lórí ìkejì.

"Dádì, ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mú, kì í gbààyè," lọmọ ẹ̀ wí.

"Ṣé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà l'Ábẹ́òkúta máa lè ṣí i?"

Ọmọ dákẹ́. Bàbá mú "Most Compatible." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n dà á sórí hard disk méjì, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ ka èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lórí WhatsApp mọ́ ẹ̀dà, torí ìyẹn máa ń fún àwòrán mọ́ra, kì í dáa tó ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ká àwọn òbí yín sínú fídíò, ẹ má tíì béèrè èyí tí àwòrán ẹ̀ dáa jù. Ẹ béèrè ẹni tó máa wò ó, ohun tó máa fi wò ó, àti ẹni tó máa dà á sínú òmíràn kí ẹ̀rọ tó ń kà á tó kú. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wò ó lójú ayé wọn.

Nínú fídíò tọ́jọ́ yẹn, bàbá náà ki àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dójú ẹ̀, bí Màmá ṣe kì wọ́n gẹ́lẹ́. Nígbà tó kan tiẹ̀, ó sọ ìlà méjì tó rántí, ló bá ní kí ọmọ òun pa kámẹ́rà.