Ìlọ́po 40 fún Ariwo Ẹ̀rọ Ìlọta

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ amplifáyà sí ohun tí a fi ń pariwo lóde ayẹyẹ. Èmi fẹ́ fi tèmi wọn ariwo. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti ẹ̀wà ní Erio-Èkìtì kí a tó bí mi. Èèyàn á kí wọn tó ìgbà mẹ́ta kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Èmi mọ̀ pé etí ni.

Àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ènìyàn má ṣe wà nínú ariwo 85 decibel ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, àkókò á dín sí ìdajì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí kan péré. Mélòó wá ni ti ẹ̀rọ àǹtí mi?

Ìwé máìkì kékeré tí mo rà sọ pé nínú ariwo 94 decibel, yóò mú iná 6.3 millivolt jáde. Ìyẹn kéré jù fún kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ wa láti kà dáadáa, ìdí nìyí tí a fi nílò amplifáyà. Iye ìgbà tí amplifáyà ń sọ iná náà di púpọ̀ ni wọ́n ń pè ní gain. Resistor méjì ló ń pinnu rẹ̀: a ó fi kékeré pín ńlá, a ó sì fi 1 kún un.

Ọmọ kíláàsì mi kan ní ká lo ìlọ́po 100, pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó. Mo kọ̀. Iná 5 volt ni amplifáyà wa ń lò, nítorí náà àyè 2.5 volt ni ohùn ní lókè, 2.5 nísàlẹ̀. Ká ní ariwo dé 104 decibel, máìkì á mú nǹkan bíi 20 millivolt wá, ṣóńṣó ariwo ẹ̀rọ sì lè tó ìlọ́po 3 ìyẹn, 60. Ìlọ́po 100 á sọ ọ́ di 6 volt. Kò sáyè fún un. Amplifáyà á gé e lórí, ariwo ńlá á wá dà bíi kékeré. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn: òṣùwọ̀n tí yóò sọ fún àǹtí mi pé kò séwu. Ìlọ́po 40 sọ 60 náà di 2.4 volt, ó gbà á. Mo fi resistor 39,000 ohm àti 1,000 ohm sí i.

Olùkọ́ wa yá ẹ̀rọ kan tó máa ń dún ní 94 decibel gẹ́lẹ́, a sì ki máìkì bọ ẹnu rẹ̀. 6.3 lọ́nà 40 jẹ́ 252 millivolt, ṣùgbọ́n 214 la rí. Kò yà wá lẹ́nu. Máìkì olówó pọ́ọ́kú kì í bá ìwé rẹ̀ mu tán. 214 la kọ sílẹ̀ fún 94.

Níbi tí àǹtí mi ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, a rí 302. Bí a bá fi 214 pín in, 1.41 ni, ìyẹn 3 decibel lé: 97. Òṣùwọ̀n wa kì í ṣa ohùn bí etí ṣe ń ṣà á, nítorí náà ẹ pè é ní nǹkan bíi 97. Ìṣẹ́jú 30 ni àyè rẹ̀ lóòjọ́. Lọ́jọ́ ọjà, àǹtí mi ń lọ ata láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Mo kọ ọ́ sórí páálí fún wọn.

"Ọmọ mi, bí mo bá di etí, báwo ni mo ṣe máa gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́ lọ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n tún wo páálí náà, wọ́n ní kí n lọ wọn ibi bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ tí wọ́n rán wá lọ ata máa ń jókòó sí. 151 millivolt, 91 decibel. Kí n tó ká wáyà mi tán, wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì náà lọ sẹ́yìn ògiri.