Fìlà Bàbá Àgbà Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a sin bàbá àgbà mi ní Òsì, bí a ti ń wo ìròyìn, mo rí fìlà wọn lẹ́yìn ẹni tó ń ka ìròyìn. Mo nu ojú mi, mo nu ojú tẹlifíṣọ̀n. Fìlà náà, etí méjèèjì àti èjìká agbádá wọn ṣì wà níbẹ̀, fírífírí bí òjìji.

Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo kó àwòrán wọn sínú fláàṣì, tí mo gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n kí àwọn tó ń wá kí wa lè máa rí wọn. Àwòrán kan ṣoṣo yìí wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, jẹnẹrétọ̀ kò sinmi, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà sì mọ́lẹ̀ dé góńgó.

Tẹlifíṣọ̀n náà kì í ṣe tiwa. Àbúrò bàbá mi ló gbé e wá láti Ìlọ́fà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó fún un láti wo bọ́ọ̀lù. Ó wò ó títí, ó ní, “Ìwọ lo fi wọ́n síbẹ̀. Ìwọ ni kó o bá mi yọ wọ́n kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta.”

Mo wádìí. Láàrin gíláàsì méjì tí ojú LCD ní, ohun olómi kan wà tí àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ máa ń yí padà bí iná bá kàn wọ́n, kí wọ́n lè dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn wọn tàbí kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. (Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Austria, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú ohun bẹ́ẹ̀ ní 1888.) Bí àwòrán kan bá pẹ́ jù lójú kan, ìṣẹ́kù iná a máa kóra jọ síbẹ̀, àwọn ẹyọ náà kì í sì í tètè padà sípò. Ti OLED burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ gan-an ló ń gbó níbẹ̀. Ti LCD sábà máa ń lọ.

Mo pa á, mo yọ wáyà rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, mo fi funfun báláú kún ojú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà mo fi fídíò tí kì í dúró sójú kan sí i. Èjìká kọ́kọ́ lọ, etí tẹ̀ lé e.

Ó ku fìlà nígbà tí Màmá àgbà jókòó tì mí. “Ọkọ mi, ṣé o ò lè fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀ sí i ni?”

Òsì ni ìlú Aréògún, agbẹ́gilére tó kú ní 1954, tí Bándélé ọmọ rẹ̀ sì jogún iṣẹ́ náà. Lójú Màmá, ère tí a bá gbẹ́ a máa pẹ́ ju ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ. Báwo ni n ó ṣe sọ fún wọn pé ti inú gíláàsì yìí yóò lọ, bí mo tilẹ̀ ká ọwọ́ gbera?

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni fìlà náà pòórá. Àbúrò bàbá mi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó máa pa á bí bọ́ọ̀lù bá ti parí, nítorí àmì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí kì í kúrò ní igun kan lè ṣe bákan náà.

Màmá bi mí bóyá àwòrán náà ṣì wà nínú fláàṣì. Mo ní ó wà.