Èmi, Àbúrò Mi àti Kọ̀ǹpútà ₦600,000

Ìwé kan wà lórí tábìlì ìjẹun wa tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé abọ́ lé. Ojú ewé kan péré ni, àbúrò mi fà á ya láti inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń kọ ọ́, tí a ń pa á rẹ́, tí a sì ń tún un kọ. Orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye owó wọn níwájú. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo fi bírò pupa kọ ₦600,000 sí, mo sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Iye tí a ní nìyẹn. Kò sí òmíràn níbì kankan.

Owó láptọ́ọ̀pù mi ni tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ àti àròkọ ni mo ń ṣe jẹun láti ìgbà tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Yorùbá, ẹ̀rọ tí mo sì fi ń ṣe é ti darúgbó: bí mo bá tẹ àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kan, n óò ka ení, n óò ka èjì, kí àmì náà tó jáde. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi tu owó náà jọ. Láàárín rẹ̀ ni bàbá wa kú. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 17 tí ó ti ṣe ìdánwò JAMB tí ó sì ń retí ìwé ìgbaniwọlé, wá di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń jẹun, ó ń fọ abọ́, ó ń dáhùn bí a bá pè é. Ó tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ló wọlé wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra láptọ́ọ̀pù yẹn. Owó yẹn lè to kọ̀ǹpútà tí ẹ ó máa fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí èmi náà á máa fi gbá géèmù lálẹ́." Gbólóhùn tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Mo mọ̀ pé PlayStation 2 tí òun àti bàbá wa jọ máa ń gbá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú ṣáájú ẹni tó rà á. Mo ní kó lọ mú bírò wá.

Màámi kò kọ́kọ́ gbà. "Ṣé eré lẹ fẹ́ fi owó iṣẹ́ rà?" Mo ní iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n wò mí títí, wọn kò sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú rẹ̀ rí lè rò pé ọjà rírà lásán ni. Rárá o. Ohun tí o bá mú ló ń pinnu ohun tó o tún lè mú. A yan Ryzen 5 5600G, èyí tí AMD gbé jáde ní ọdún 2021, nítorí pé agbára tó ń ya àwòrán géèmù ti wà nínú rẹ̀, a kò ní láti ra graphics card lọ́tọ̀ kí ojú ẹ̀rọ tó tàn. Ṣùgbọ́n bí a ti mú un, ó di dandan kí motherboard jẹ́ oríṣi AM4, torí pé orí òmíràn kò ní bá a mu. Àwòrán náà sì ń yá àyè lò nínú RAM, nítorí náà ẹyọ méjì oní-8GB sàn fún wa ju ẹyọ kan oní-16GB lọ: ọ̀nà méjì ni dátà ó máa gbà dípò ọ̀kan. Àbúrò mi ló ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi. Mo ń bi í ní ìbéèrè tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀, kí ó lè máa sọ̀rọ̀ lọ.

Orí graphics card la ti kọ́kọ́ jà. Ó rí tòkunbọ̀ kan, RX 580, ó ní òun ni yóò mú kí géèmù dùn ní tòótọ́. Mo lọ kà nípa rẹ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí àwọn èèyàn fi wa owó Ethereum tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Ethereum pa ọ̀nà yẹn tì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, púpọ̀ nínú wọn bọ́ sí ọjà àlòkù. N kò sọ pé gbogbo wọn ló ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìtàn èyí tó bá bọ́ sí wa lọ́wọ́? Mo fi bírò pupa pa á rẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹnu tí mo làágùn kí n tó ṣí, èmi náà ni mo tún pa á dé.

Màámi ló yanjú rẹ̀. Wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ motherboard, ṣùgbọ́n àwọn àti bàbá wa ló jọ kọ́ ilé tí a ń gbé ní Ìbàdàn, ọdún 11 ni wọ́n fi kọ́ ọ, yàrá kan tẹ̀lé òmíràn. Títí di òní, irin ṣì yọ sókè lórí àwọn òpó rẹ̀, nítorí pé bàbá wa ní i lọ́kàn láti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. "Káàdì tí ẹ ń tìtorí ẹ̀ bínú síra yín yìí," wọ́n ní, "ṣé ẹ kò lè fi irin rẹ̀ sílẹ̀ ni?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín gan-an ni. Ihò gbọọrọ tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ wà lórí motherboard tí a yàn. Ohun tó kù ni kí a ra power supply tí yóò lè gbé e nígbà tó bá dé. Ó kọ 550W sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ kí ó jẹ́ èyí tí kò lórúkọ, tó wọ́n níwọ̀n, kí ó lè fi owó tó bá ṣẹ́kù ra àpótí tó ń tan iná aláwọ̀ mèremère. Màámi bi í léèrè ohun tí power supply ń ṣe. Ó ní òun ló ń gba iná 230V lára ògiri, tó ń sọ ọ́ di 12V àti èyí tó kéré sí i fún àwọn tó wà nínú.

"Fíríìjì wa ńkọ́?" Màámi béèrè. Gbogbo wa la rántí alẹ́ tí iná dé pẹ̀lú agbára òdì, tí fíríìjì náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ohun tó ń dúró de NEPA lẹ́nu ọ̀nà, òun lẹ fẹ́ rà ní pọ́ọ́kú?"

Ó pa iná aláwọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. A wá kọ power supply tó ní àmì 80 Plus, ìyẹn ni pé ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó bá fà ló ń dé ibi iṣẹ́, tí ìyókù ń di ooru. Àmì náà kò sọ pé iná òdì kò lè pa á, nítorí náà a fi UPS kékeré kún un. Ojú tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ la ó máa fi wò ó, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti bọ́ sí àsìkò fíìmù Màámi.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún àbúrò mi. Láptọ́ọ̀pù a máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Èyí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀; ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí UPS bá fún mi ni n óò fi tọ́jú iṣẹ́ mi, kí n sì pa á. Àgbàlagbà tí mo ní lọ́wọ́ ni n óò tún máa bẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo ti ṣírò rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà, ó di Computer Village ní Ìkẹjà. Dọ́là ti mì, processor sì ti fi ₦20,000 lé ohun tó wà nínú ìwé wa. Ọlọ́jà kan fi power supply kan hàn wá tí àmì wà lára rẹ̀ yanturu, ṣùgbọ́n tó fúyẹ́ bíi páálí bisikí. Àbúrò mi gbé e, ó dá a padà, ó dúpẹ́, ó sì tẹ̀ síwájú bí àgbàlagbà. Power supply nìkan la rà, ní ìsọ̀ mìíràn, lẹ́yìn tí wọ́n ti tàn án wò lójú wa. Nígbà tí à ń bọ̀, ó sọ̀rọ̀ láti Agége títí a fi kọjá Abẹ́òkúta. N kò rántí ìdajì ohun tó sọ.

Bí a ti délé, ó gbé páálí náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ bu omi mu. Màámi jáde láti ilé ìdáná, wọ́n wò ó.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbé nǹkan kan lé ìwé yìí."