Ẹsẹ Méjì Tí Mo Fò

Tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn kòkó tàbí ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, Bíbélì sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe Kristẹni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi, torí ìwọ̀n kan náà ló ń wọn kòkó gbogbo wa.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Oǹdó ni ilé wa, ibẹ̀ ni mo sì ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo máa ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, tí kòkó wọ́n bí ojú, ẹ̀kọ́ kàn wá láti inú ìwé Ámósì orí 8. Ẹ mọ̀ pé Ámósì kì í ṣe ọmọ wòlíì tẹ́lẹ̀. Ó ń da ẹran, ó sì ń tọ́jú igi eléso. Àgbẹ̀ bíi tiwa ni. Ní ẹsẹ 5 àti 6, ó ń bá àwọn oníṣòwò ọkà wí: ara wọn kì í balẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n ń retí kó tètè parí kí wọ́n lè padà sídìí ìwọ̀n tí wọ́n ti yí lórí, kí wọ́n sì ta pàǹtí mọ́ ọkà.

Mo ka ẹsẹ 4, mo bọ́ sí ẹsẹ 7. Mo fo méjì àárín yẹn.

Kí n má parọ́ fún yín, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bàbá kan jókòó sí ìjókòó iwájú, ọ̀kan lára àwọn tó ń ra kòkó lágbègbè wa. Nígbà tí mo wà ní pólì l'Ọ́wọ̀, tí owó tán lọ́wọ́ bàbá mi, òun ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi fún odidi ọdún kan. Mo sì ti ń gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ìwọ̀n rẹ̀. Kí n wá dúró níwájú rẹ̀ kí n máa ka ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n èké? Ẹnu mi ò gbà á.

Bí a ṣe jáde, ìyá kan fà mí lápá. Ọmọ kíláàsì mi ni, Bíbélì Yorùbá rẹ̀ ti gbó débi pé okùn ló fi dì í. Ó ní, "Ọ̀gá àgíríìkì, ṣé ẹsẹ méjì ti já kúrò nínú tiyín ni?" Ojú tì mí. Ó ní kò burú, kí n ṣáà gbé ìwọ̀n tí a fi ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ wá sóko òun ní Wẹ́sídeè, òun ní àpò kòkó kan láti tà.

Mo gbé e lọ. A gbé àpò kọ́, ó wọ̀n kílò 68. Inú ìyá dùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fún un mọ́lẹ̀. Kò dún. Kòkó tó gbẹ dáadáa máa ń dún wàràwàrà lọ́wọ́, èyí rọ̀. Mo yọ ẹ̀rọ tó ń wo omi inú kòkó. Dípò ìdá 7 nínú 100 tí à ń wá, ó pe 12.

"Ìyá, ọjọ́ mélòó lẹ fi sá a?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí ló dé?"

"Ìwọ̀n ọ̀gá yẹn máa ń jẹ kílò mẹ́rin. Bí mi ò bá fi omi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí lèmi fẹ́ jẹ?"

Mo bá a gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń rà á. Lóòótọ́, kílò 64 ni ìwọ̀n bàbá pè é.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Kòkó tó wọ̀n 68 pẹ̀lú omi ìdá 12 yẹn, bí wọ́n bá sá a títí tó fi dé ìdá 7, á tó nǹkan bí 64. Ṣé ẹ rí i? Kílò mẹ́rin tí ìwọ̀n jí, omi ni. Ìyá fi omi jí i, bàbá fi ìwọ̀n gbà á padà. Ọwọ́ dọ́gba. Kò sẹ́ni tó pàdánù nínú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni opó kan tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí ti ìyá gbé tirẹ̀ dé. Ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́. Mo mọ kòkó rẹ̀ torí èmi ni mo kọ́ ọ: ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ń yí i, ó sì sá a lóòrùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lórí ìwọ̀n tèmi, 64. Lórí ti bàbá, 60. Tirẹ̀ ò ní omi tí yóò fi dí i. Nígbà tí kílò kan ń tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bá mi ṣírò ohun tó fi síbẹ̀. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi tí mo kọ́ ọ pé kó sá a kó gbẹ, èmi náà ni mo fo ẹsẹ tó yẹ kó gbèjà rẹ̀.

Mo lọ bá bàbá nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ó ní, "Ọmọ mi, omi ni wọ́n ń tà fún mi. Tí mo bá kó o dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi, wọ́n á yọ ọ́ lára owó mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá sá kòkó wọn kó gbẹ, màá tún ìwọ̀n mi ṣe." Ọ̀rọ̀ ìyá náà nìyẹn, ó kàn yí i padà ni. Oníkóńgò tó lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún yín: àwọn tó tà fún òun ló kọ́kọ́ yan òun jẹ.

Mo padà sínú Bíbélì mi, mo wá ibi tí wọ́n ti fàyè sílẹ̀ fún irú àlàyé yìí. Nínú Léfítíkù 19, nínú Deutarónómì 25 tó ní a ò gbọdọ̀ ní òkúta ìwọ̀n méjì lápò, ńlá àti kékeré, mi ò rí i. Kò sí "àyàfi bí ẹnì kejì bá kọ́kọ́ rẹ́ ọ jẹ." Ẹ̀yin ará Oǹdó á rántí Charles Phillips, àlùfáà CMS tó dé ìlú wa ní 1877, tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Ó wà lára àwọn tó rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbin kòkó. Ẹni kan náà ló ń wàásù, tó tún ń sọ̀rọ̀ kòkó. Àwa ni a wá fi ọ̀kan sí Sọ́ńdè, tí a fi èkejì sí Wẹ́sídeè.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo ní kí kíláàsì jọ̀wọ́ padà sí Ámósì 8, mo fo ẹsẹ méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á. Mi ò wo iwájú. Mo wá sọ̀rọ̀ omi inú kòkó, ìyá sì dorí kodò. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá ò dá mi lóhùn ìkíni fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó mi ní ṣé mo ti rí i báyìí.

Ìyá ló kọ́kọ́ yí padà. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi sá èyí tó ṣe tẹ̀lé e. Ó gbé e lọ síbi ìwọ̀n kan náà, ó wo bí ó ṣe jẹ kílò mẹ́rin, kò pariwo. Ó kàn bu kòkó, ó fún un kó dún létí bàbá, ó gba owó rẹ̀, ó ń lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá pè mí lórí fóònù. Ó ní ṣé ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè mọ̀ bí ìwọ̀n bá pé. Mo ní ó wà, kò sì le: àpò sìmẹ́ǹtì tí wọn ò tíì tú, kílò 50 ni. A gbé ọ̀kan kọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sí 46. Bàbá wò ó, ó mú sukurudíráfà, ó yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan 50. Kò sọ̀rọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n náà, ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e kọ́ kó tó gbé tirẹ̀.

Kò tíì ṣe bíi Sákéù tó ní òun á san ìlọ́po mẹ́rin padà. Opó yẹn ò tíì rí nǹkan kan gbà. Mi ò sì tíì ní ìgboyà láti bá bàbá sọ ìyẹn, ìyá sì ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ìgbà wo ni a máa kọ́ Lúùkù orí 19.