Kútọ̀nù ní Ojú Ọmọ Kétu

Abala kìíní ìwé òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ gbangba pé Porto-Novo, ìyẹn Àjàṣẹ́ wa, ni olú-ìlú. Ibẹ̀ náà ni àwọn aṣòfin ti ń jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ààfin Ààrẹ, ọ́fíìsì àwọn mínísítà, èbúté ọkọ̀ òkun tàbí pápákọ̀ òfurufú, Kútọ̀nù ni yóò kọrí sí. Àjàṣẹ́ ló jẹ oyè, Kútọ̀nù ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a pinnu ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kétu pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ fojú ara wọn rí ibi tí wọ́n ti ń darí orílẹ̀-èdè, àríyànjiyàn kò pọ̀ lórí ibi tí a ó lọ.

Àwa olùkọ́ mẹ́ta ni a kó wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò dé Kútọ̀nù rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tí ì fojú kan òkun. Àwa àgbà pàápàá, ìwé ìdánwò àti ìwé ọ́fíìsì ló máa ń gbé wa débẹ̀. A ó wọlé láàárọ̀, a ó jáde nírọ̀lẹ́, a kò sì rìn ín wò rí. Nípa bẹ́ẹ̀, àlejò ni gbogbo wa.

Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà. A fi Kétu sílẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a gba àárín igbó ọ̀pẹ Pọ̀bẹ́ kọjá, a kan Sákétè, a sì dé Àjàṣẹ́. Títí a fi kúrò ní Sákétè, kò sí ibi tí a dúró sí tí ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àkàrà kò fi Yorùbá dá wa lóhùn. Lẹ́yìn Àjàṣẹ́ ni ohùn yí padà sí Gùn àti Fọ̀n. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, a rí ìgò ńlá ńlá tí ẹ̀sáǹsì láti Nàìjíríà kún inú wọn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí kpayo. A sọ fún àwọn ọmọ pé nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ọdún 2023, kò pẹ́ rárá tí àwọn ará ibí fi mọ̀ ọ́n lára. Bodè wà lórí àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọjà kò mọ bodè.

Akpakpa ni a gbà wọ ìlú. Ohun àkọ́kọ́ tó ya àwọn ọmọ lẹ́nu kì í ṣe ilé gíga. Alùpùpù ni. Wọ́n ń ṣàn bí odò ní ọ̀tún àti ní òsì, àwọn awakọ̀ sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféèfèé tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Zémìjàn ni wọ́n ń pè wọ́n, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Fọ̀n sì ni pé kí wọ́n gbé ènìyàn kíákíá. Ọmọkùnrin kan tó jókòó ní ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Nígbà tí a fi dé orí afárá, ó ti jáwọ́.

Orúkọ ìlú náà, tí àwọn Faransé ń kọ ní Cotonou, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ púpọ̀ láti gbọ́. Ní èdè Fọ̀n, «kú» ni ikú, «tọ̀» ni odò tàbí ọ̀sà, «nù» sì ni ẹnu. Ẹnu odò ikú ni Kútọ̀nù. Bí a ti ń la ọ̀sà náà kọjá, a sọ fún àwọn ọmọ pé ọdún 1885 ni àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi tó so ó pọ̀ mọ́ òkun, kí ìkún omi lè rí ibi ṣàn gbà. Ẹnu tí à ń wò yìí, ọwọ́ ènìyàn ló là á.

Ní òdìkejì afárá ni ọjà Dantokpa wà, tí àwọn ará ìlú ń gé kúrú sí Tokpa. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́ ọ. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà Dan. Dan yìí ni òrìṣà ejò tí àwa mọ̀ sí Òṣùmàrè. Ọjà wa ní Kétu ní ọjọ́ tirẹ̀, a sì máa ń ka ọjọ́ dè é. Ojoojúmọ́ ni Tokpa ń ná. Aṣọ, ata, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ẹja gbígbẹ, fóònù, ewé àti egbò, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, onílé kò sì ju àlejò lọ nínú àwọn tó ń tà á.

Níbẹ̀ ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí mọ̀. Àwọn ọmọ wa ti bá ara wọn sọ ọ́ nínú ọkọ̀ pé àwọn kò ní sọ Yorùbá nígboro, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ará oko. Nígbà tí ọmọbìnrin kan fẹ́ ra aṣọ, Faransé ló fi béèrè iye rẹ̀. Ìyá aláṣọ náà wò ó, ó wo ìyókù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

«Ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ kú ìrìn o! Ta ló sọ fún yín pé Faransé ni wọ́n fi ń ná ọjà lọ́wọ́ mi?»

Ọmọ náà kúnlẹ̀. «Ẹ kú ọjà, ìyá. Ẹ má bínú.»

«Inú kò bí mi, ọmọ mi. Ọmọ Pọ̀bẹ́ ni èmi. Ọdún tí mo ti lò níbí pọ̀, èdè yìí ni mo fi kọ́lé, òun ni mo sì fi rán àwọn ọmọ mi ní yunifásítì.»

Ó yọ owó díẹ̀ kúrò lórí aṣọ náà, ó sì fi ìka hàn wá pé ẹni tó wà lápá ọ̀tún òun wá láti Sábẹ̀ẹ́, ẹni tó wà lápá òsì wá láti Ìbàdàn, ẹni tó kọjú sí òun sì jẹ́ Fọ̀n tó gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí àwọn oníbàárà. Láti ìgbà náà títí a fi padà sílé, a kò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ará oko mọ́.

Láti ọjà, a lọ sí etí òkun. Ìdákẹ́jẹ́ wọ àárín wa fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti kà nípa Àtìláńtíìkì nínú ìwé kò mọ̀ pé ó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀. A fi èbúté hàn wọ́n láti òkèèrè, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965, tí ẹrù ilẹ̀ Nìjẹ̀ẹ̀ náà ń gbà kọjá nítorí pé ilẹ̀ ọ̀hún kò ní òkun. A sì ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn Faransé gba àdéhùn lórí ibí yìí ní ọdún 1868, abúlé apẹja lásán ni, abẹ́ ọba Dàhòmẹ̀ ló sì wà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, àwọn 679,012 ni wọ́n kà ní ìlú náà. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé Kútọ̀nù ló jẹ́ ọmọ ẹni tó ti ibòmíràn wá. Kò sí ẹ̀yà kan tó lè dá a gbà pé tòun nìkan ni.

Ibi tí a ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ni a ti dé iwájú ère obìnrin ogun ní Esplanade des Amazones. Ère náà ga tó mítà 30. Ayàwòrán ère ará Ṣáínà kan, Li Xiangqun, ló ṣe é, Ààrẹ Patrice Talon sì ṣí i ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022. Obìnrin náà dúró ṣinṣin, ó mú ìbọn dání lọ́wọ́ kan àti idà lọ́wọ́ kejì, ojú rẹ̀ le. Àwọn àlejò láti ilẹ̀ gbogbo ń ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà yọ fóònù jáde. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin bi wá pé:

«Monsieur, ṣé àwọn obìnrin yìí kọ́ ni ìyá àgbà mi máa ń sọ pé wọ́n wá kó Kétu?»

A dá a lóhùn pé àwọn ni. Ọmọkùnrin kan wá gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé: «Kí ló dé tí a fi ń bá wọn ya fọ́tò?»

Ìbéèrè yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọmọ Kétu kò gbọdọ̀ gbàgbé ọdún 1886. Ọdún náà ni ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, run ìlú wa lẹ́yìn ìdótì, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ẹnubodè Àkabà Ìdẹ́nà ṣì wà nílẹ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ogun. Ìgbà tí agbára Dàhòmẹ̀ fọ́ ní ìparí ọ̀rúndún 19 ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wálé láti tún Kétu tẹ̀ dó. Abẹ́òkúta náà mọ ogun yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e jà wọ́n, ní 1851 àti ní 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ìwé tí à ń kọ́ ní kíláàsì ń pè wọ́n ní akọni. Nínú ilé wa, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá máa sọ ìtàn, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ tán. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1890, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìparun Kétu, àwọn obìnrin wọ̀nyí kan náà kọlu àgọ́ àwọn Faransé ní Kútọ̀nù yìí. Ìbọn Faransé ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Ìtàn sì tún fi yé wa pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n sọ di ọmọ ogun ní Àgbómẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ náà gbọ́ èyí, ó tún gbójú sókè wo ère náà pẹ́. «Ó lè jẹ́ ọmọ wa, nígbà náà,» ni gbogbo ohun tó sọ. A kò ní ohun tí a ó fi kún un.

Àwọn tó ń ṣe àkóso ilẹ̀ yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975 ni wọ́n pa orúkọ Dàhòmẹ̀ tì, tí wọ́n sì sọ orílẹ̀-èdè ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé orúkọ ìjọba ọba kan ṣoṣo kò lè bo gbogbo ẹ̀yà mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìṣúra 26 padà láti Paris, ìtẹ́ Glèlè sì wà lára wọn. Inú wa dùn pé ohun tí wọ́n fi ipá kó ti padà sílé. Inú dídùn náà ló mú kí a rántí pé Kétu pẹ̀lú ní ohun tí wọ́n fi ipá kó, ènìyàn sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

A kò sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kórìíra ère náà, a kò sì sọ pé kí wọ́n wólẹ̀ fún un. Ohun tí a rán wọn létí ni pé Kútọ̀nù yìí kan náà ni àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí ti jókòó fún ọjọ́ mẹ́wàá, láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì ọdún 1990, nínú ìpàdé àpapọ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza darí. Àwọn tó ti fi ara wọn sẹ́wọ̀n àti àwọn tó ti sá nílé bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìjọba sì yí padà láìsí pé ìbọn kan dún. Bí wọ́n bá lè sọ ọ̀rọ̀ ọdún 17 báyẹn, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ọdún 1886 di èyí tí a ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá.

Àwọn Fọ̀n ń pe obìnrin ogun wọ̀nyẹn ní «mino», ìyẹn àwọn ìyá wa. Àwa náà ní àwọn ìyá wa ní Kétu, àwọn tí à ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tù lójú, tí à ń fi ijó àti ẹ̀fẹ̀ bẹ̀ kí ìlú lè rójú. Ní ọdún 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ìṣúra gbogbo aráyé. Olú-ìlú tó bá jẹ́ ti gbogbo wa gbọ́dọ̀ ní àyè fún ìyá méjèèjì: èyí tó gbé ìbọn, àti èyí tó sunkún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ìbọn náà dún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó máa lọ sí Kútọ̀nù lọ́jọ́ kan, yálà fún yunifásítì, fún iṣẹ́ tàbí fún ìgbafẹ́, ẹ lọ pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ gun zémìjàn, ẹ wo òkun, ẹ ná ọjà Tokpa, kí ẹ sì fi Yorùbá ná an. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó ti ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó kù nínú agbo ilé yín, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ àti orúkọ àwọn tó padà. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì tún kọ wọ́n ní Faransé, kí ọmọ Fọ̀n tí ẹ bá jọ ń jókòó ní kíláàsì lè kà á. Ẹni tó mọ ìtàn ilé rẹ̀ kì í ṣe àlejò ní olú-ìlú.