Ológbò Tí Gbogbo Ilé Ń Bọ́

Bí àwa Yorùbá bá rí ẹni tó sanra, a máa ń sọ pé ayé yẹ ẹ́. Bí ẹnì kan bá sì rù, à á bi í pé kí ló dé, àbí owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú yìí kan náà la fi ń wo ẹran tí a ń sìn. Ìdí nìyí tó fi ṣòro fún ẹni tó ní ológbò láti gbà pé sísanra lè di àìsàn fún un. Ohun tí mo rí nípa ọ̀rọ̀ yìí ní Lafiaji, ní Erékùṣù Èkó, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ológbò kì í ṣe ohun eré ní agbègbè wa. Ilé fara ti ilé, gọ́tà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ọjà Sandgrouse sì wà nítòsí. Ibi tí oúnjẹ bá pọ̀ sí, èkúté kò ní ṣàì débẹ̀. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó; àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé ara èkúté ló ń kó o ran ènìyàn, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àrùn náà wà lára ohun tó mú kí ìjọba ìgbà náà dá àjọ tí a ń pè ní L.E.D.B. sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú tò. Nítorí náà, bí ará Èkó bá ní kí ológbò òun lè sáré, kí ó sì lè fò, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń sọ.

Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé tí ìyá bàbá mi ń gbé, ológbò kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ẹkùn ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Àgbà ló ni ín, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń bọ́ ọ. Láàárọ̀, Ìyá Àgbà a fún un ní ẹ̀kọ àti sáwá. Ìyá tó ń din ẹja níwájú ilé a ju orí ẹja sí i. Àwọn ọmọdé a da mílíìkì tó ṣẹ́ kù sínú àwo rẹ̀. Ní alẹ́, bàbá tó ń gbé yàrá ìkẹyìn a bù fún un nínú ẹran ọbẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fún un ní púpọ̀. Ọwọ́ ló pọ̀. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ẹkùn kò lè fo ojú fèrèsé mọ́. Kò lè lá ẹ̀yìn ara rẹ̀, irun ibẹ̀ sì ti dì pọ̀. Èkúté ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Mo ké sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ní kí n fi ọwọ́ kan ìhà rẹ̀, nítorí bí ara ológbò bá wà bó ṣe yẹ, ọwọ́ a máa ba egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ awọ láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Ọwọ́ mi kò ba egungun kankan. Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ oníkẹ́mísí, mo gbé Ẹkùn gùn ún, èmi nìkan tún gùn ún, mo sì yọ ti èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Kílò 7 ni Ẹkùn, bẹ́ẹ̀ kílò 4 tàbí 5 ló tó fún ọ̀pọ̀ ológbò. Ọ̀rẹ́ mi ní irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lè fa àtọ̀gbẹ àti ìrora oríkèé fún ológbò, bó ṣe ń ṣe ènìyàn.

Bàbá yàrá ìkẹyìn ní, "Kí ló le níbẹ̀? Ẹ tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ebi pa á. Yóò rù, yóò sì pa eku." Ọ̀pọ̀ nínú ilé gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ewu ńlá ló wà níbẹ̀. Ológbò tó sanra kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá ara rẹ̀ a ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ a sì kọṣẹ́. Ó lè kú. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ ti tó láti dín lọ́sẹ̀ kan, èyí tó jẹ́ bíi gíráàmù 70 fún Ẹkùn. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

Ìyá Àgbà ní tiwọn kò fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lò ń bá mi sùn lóru ni? Yóò máa ké lẹ́sẹ̀ mi, o ní kí n gbójú kúrò. Kí làwọn ará àdúgbò máa wí? Wọn á ní n kò rí oúnjẹ fún ẹran ọ̀sìn mi." Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju oúnjẹ lọ. Láti ìgbà tí bàbá bàbá mi ti kú, bíbọ́ Ẹkùn ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, n kò gbà á. Mo bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n kó iṣẹ́ náà lé Ìyá Àgbà nìkan lọ́wọ́. Mo ra ife kékeré kan fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ta Ẹkùn lọ́rẹ, kí ó gbé e wá fún Ìyá Àgbà, àwọn ni yóò sì kà á mọ́ ìwọ̀n ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ dín kù nínú àwo, nítorí ẹran ni a dá ológbò láti jẹ. Ẹja bíbọ̀ àti ẹ̀dọ̀ adìẹ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Omi gba ipò mílíìkì. Àwọn ọmọdé so àkísà mọ́ okùn, wọ́n ń fà á kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí Ẹkùn lè máa lé e.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, Ẹkùn ti di kílò 5 ààbọ̀, ó sì ti ń fo ojú fèrèsé. N kò ní sọ pé èkúté ti tán ní Lafiaji. Obìnrin kan ládùúgbò bi Ìyá Àgbà bóyá ara ológbò wọn kò yá ni. Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ara rẹ̀ le. Èmi nìkan ló ń bọ́ ọ báyìí ni."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, òótọ́ ni pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ náà lè pa ohun tó fẹ́ràn, bí kò bá sí ẹni tó ń ka ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mú wá. Bí ẹ bá délé ní ìsinmi, tí ẹ bá ẹran ọ̀sìn tí ara ti wúwo fún, ẹ má ṣe gba àwo lọ́wọ́ àgbà. Ẹ bá wọn wá ife tí wọn yóò máa fi wọ̀n ọ́n.