Ọwọ́ Wo Lọmọ Yín Fi Ń Di Mouse Mú?

Ní Sátidé kan, mo jókòó nílé wa ní Madina, níbí ní Accra, mò ń tún àpilẹ̀kọ kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ṣe, nígbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti pálọ̀. Ọmọ ọdún 12 ni, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé láti ìgbà tó ti wọ JHS. Mo sáré jáde, mo rò pé ó ti fara pa. Àṣé géèmù ni. Minecraft ló ń ṣe lórí laptop mi àtijọ́. Ó fẹ́ tẹ W kó lè rìn síwájú, ìka rẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ Q. Q ni bọ́tìnì tí a fi ń ju nǹkan sílẹ̀ nínú géèmù náà. Bí ohun ìwalẹ̀ dáyámọ́ńdì rẹ̀ ṣe kó sínú iná tó ń ṣàn nìyẹn.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ohun tó sọ ni kò jẹ́ kí n rín in. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má dá mi lóhùn. Ọwọ́ mi ni kò dáa."

Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ní kó máa ṣe é lọ kí n máa wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi di mouse mú, ó sì dì í mú gan-in bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú. Gbogbo apá rẹ̀ ló fi ń yí i, dípò ọrùn ọwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ọwọ́ òsì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù, òun náà ló sì fi ń fọ eyín bó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Mo bi í léèrè. Ó ní ọlọ́wọ́ òsì lòun, àmọ́ nílé ìwé tí òun ti ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan máa ń fi rúlà gbá ìka òun, òun sì ti fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ò mọ̀ nípa géèmù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ti lè rìn káàkiri ayé gbalasa, ọwọ́ òsì ló ń rìn. W ni iwájú, S ni ẹ̀yìn, A ni òsì, D ni ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń di mouse mú, mouse yìí la sì fi ń wòran, òun la fi ń jà, òun la fi ń wa ilẹ̀. Iṣẹ́ tó le jù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Kì í ṣe òfin láti ọ̀run o. Ọ̀kan nínú àwọn tó sọ WASD di olókìkí ni Dennis Fong, tí wọ́n ń pè ní Thresh. Òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje géèmù Quake ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ Ferrari ta á lọ́rẹ. Àwọn yòókù rí i, wọ́n kọ́ ọ, ó sì di àṣà. Àṣà tí ẹnì kan dá sílẹ̀ nítorí ọwọ́ tirẹ̀, ẹlòmíràn lè yí i padà nítorí ọwọ́ tirẹ̀.

Àṣìṣe tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a kàn gbé mouse sápá òsì, a ò fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Ọmọ wá ń na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà rẹ̀ kó tó lè tẹ A. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èjìká fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Lọ́jọ́ kejì a ṣí Options, a wọ Controls, a sì kó ìrìn wá sí apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù: I ni iwájú, K ni ẹ̀yìn, J ni òsì, L ni ọ̀tún. Ìka ọ̀tún yóò bọ́ síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Bọ́tìnì olófà tún wà tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ bọ́tìnì tó yí i ká kò pọ̀, géèmù yìí sì ń fẹ́ púpọ̀.

Bí a ṣe fi L ṣe ìrìn, géèmù náà kìlọ̀ pé L ti ní iṣẹ́ mìíràn tẹ́lẹ̀: òun ló ń ṣí ojú ewé àṣeyọrí. A gbé ìyẹn lọ síbòmíràn. A gbé àpò ẹrù kúrò lórí E wá sórí U. Ní ti jíju nǹkan sílẹ̀, tó fa gbogbo igbe yẹn, a gbé e lọ sórí Delete níbi tí ìka kò ti lè ṣèèṣì dé. Nítorí pé ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì, orí bọ́tìnì ọ̀tún mouse ló máa ń bọ́ sí, a fi kíkọlù sí ọ̀tún, a fi lílò sí òsì. Inú géèmù la ti ṣe ìyẹn, kì í ṣe inú Windows, kí èmi tí mò ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ má bàa ṣìnà.

Ìyọ́rìn la fi sórí Shift apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni a tún ti ko wàhálà. Bí ènìyàn bá tẹ Shift yẹn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 8, Windows á gbé ìbéèrè kan jáde nípa Filter Keys. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ń yọ́ rìn létí ọ̀gbun, tí ìbéèrè bo ojú rẹ̀! A wọ Accessibility nínú Settings, a pa á, a sì pa Sticky Keys tó ń yọjú bí ènìyàn bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀lé ara wọn.

Ohun mẹ́rin ni mo rí kọ́, ó sì wúlò fún géèmù yòówù, títí kan irú Spider-Man tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó ti dàgbà ń ṣe. Ohun tí ọmọ ń ṣe jù ni kó wà lábẹ́ ìka tó lágbára jù. Ohun méjì tó máa ń ṣe pọ̀, bíi sísáré àti fífò, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìka kan náà. Ohun tó lè fa òfò, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ má sì yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan. Bọ́tìnì méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́ tó. Mouse tó rọ́ sí apá kan fún ọwọ́ ọ̀tún kò lè bá ọwọ́ òsì mu. Èyí tó rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì ni mo lọ rà ní Tip Toe Lane ní Circle.

Minecraft orí kọ̀ǹpútà tún ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Main Hand. Ẹ lè yàn án pé kí ènìyàn inú géèmù náà máa fi ọwọ́ òsì mú nǹkan. Nígbà tí mo fi í han ọmọ yìí, ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n mọ̀ pé a wà."

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń rò. Àwa náà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ní Accra níbí, bí ẹ bá fi òsì na owó sí mate inú trotro, ó lè má gbà á. Lọ́dún 2001, onímọ̀ èdè méjì, Sotaro Kita àti James Essegbey, tẹ ìwádìí jáde lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń júwe ọ̀nà ní Ghana. Wọ́n rí i pé wọ́n máa ń fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, wọ́n á sì na ọ̀tún kọjá iwájú ara wọn láti júwe ohun tó wà lósì gan-an. Ọ̀wọ̀ ni, mi ò sì bá a jà. Àmọ́ àwa kan náà la ń fi Òsì Balógun joyè, àwọn Akan sì ní Benkumhene, olóyè apá òsì. Òsì kì í ṣe òṣì. Àmì kékeré abẹ́ S yẹn ṣe pàtàkì.

Nígbà tí Màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, mo ń bẹ̀rù. Wọ́n dúró lẹ́yìn ọmọ náà, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Ṣé ó ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. Ọ̀tún ló fi ń gbà á."

Wọ́n ní, "Ṣé ó ń fi í jẹun?"

"Rárá, mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa fi ṣeré, nígbà náà." Wọn ò yọ̀ sí i, àmọ́ wọn ò sì kọ̀ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ bi mí ní ìbéèrè tí mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. "Àǹtí, ṣé mo lè máa fi kọ̀wé náà?" Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, a sọ ọ́ pẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí olùkọ́ tó ń kọ́ ọ báyìí, mo sì gbé e lọ fúnra mi. Wọ́n kà á, wọ́n ní kó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì lápá òsì kí ìgúnpá rẹ̀ má bàa máa kọlu ẹnìkejì. Ìwé rẹ̀ ṣì rí wúruwùru, nítorí ọdún mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Àmọ́ kò sọ mọ́ pé ọwọ́ òun kò dáa.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Bí ọmọ yín bá ń kígbe nídìí géèmù, ẹ má tíì pa á. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀.